Wọ́n Ń Fárí Kúbà Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀rọ̀ sọ̀wédowó kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sọ̀wédowó tèmi kọ́ o, ì bá dáa. Èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń kọ fún ìjọba Kúbà lọ́dọọdún ni, 4,085 dọ́là, owó ilẹ̀ Guantánamo níbi tí ibùdó ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà wà. Ẹ pín owó yẹn sí oṣù 12, kò tó 350 dọ́là lóṣù, fún ilẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu etíkun kan mọ́ra. Kúbà kì í sì í gbà á. Èyí tí wọ́n gbà sí báǹkì kẹ́yìn ni ti 1959, ọdún tí Fidel Castro gbàjọba, òun fúnra ẹ̀ sì sọ pé rúdurùdu ìgbà yẹn ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ń jù wọ́n sí. Castro tiẹ̀ ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n rí, káwọn èèyàn lè fojú ara wọn rí bí sọ̀wédowó ṣe kún ibẹ̀. Akápò Àgbà Orílẹ̀-èdè Olómìnira ni wọ́n kọ ọ́ sí, ipò tí kò sí mọ́ ní Kúbà láti ìgbà tó ti pẹ́.

Mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ ń san owó, onílẹ̀ ò gba owó, síbẹ̀ ẹni tó ń gbébẹ̀ ò kúrò, onílẹ̀ ò sì lè lé e. Àdéhùn 1934 ló so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní àfi táwọn méjèèjì bá jọ gbà pé kó parí, tàbí kí Amẹ́ríkà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kúrò níbẹ̀, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí déètì ìparí kankan. Mo wá ń bi ara mi pé ta lorí ẹ̀ pé tó máa tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún aládùúgbò tó lágbára jù ú lọ báyìí? Ìbéèrè yẹn ló ń fà mí sẹ́yìn, ó fà mí kọjá 1934, ó fà mí kọjá 1903 tí wọ́n kọ́kọ́ yá ilẹ̀ náà, 1901 ló gbé mi jù sí.

Ọ̀pọ̀ wa tá a bá ń sọ̀rọ̀ Kúbà àti Amẹ́ríkà, 1959 la ti ń bẹ̀rẹ̀. Castro, kọ́múníísì, mísáìlì, sìgá. Mo mọ̀ pé ẹ mọ ìyẹn, mi ò ní máa tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Àmọ́ kí ni kọ́múníísì fẹ́ bá sọ̀wédowó yẹn ṣe? Nígbà tí ilẹ̀ Guantánamo bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọn ò tíì bí Castro, Lenin, olórí kọ́múníísì ní Rọ́ṣíà, gan-an ò tíì gbàjọba níbì kankan. Ìjà yìí dàgbà ju àwọn tá a rò pé wọ́n dá a sílẹ̀ lọ.

## Àwọn tí kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pín ogún

Ká sáré gba ibí kọjá. Àwọn ará Kúbà ti ń bá Sípéènì jà láti 1868, wọ́n jà fún ọdún 10, wọ́n sinmi, wọ́n tún gbéra lọ́dún 1895. José Martí tó kó wọn jọ, tó ti gbé New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, kú lójú ogun ní Dos Ríos lọ́jọ́ 19 oṣù karùn-ún 1895. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú ẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà kan sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò sì rí i parí. Ó ní òun ti gbé inú ẹranko ńlá náà, òun mọ bí ìfun ẹ̀ ṣe rí. Kì í ṣe Sípéènì tó ń bá jà ló ń sọ o. Amẹ́ríkà ló ń sọ, Amẹ́ríkà tí kò tíì yin ìbọn kan ní Kúbà nígbà yẹn.

Lọ́dún 1898, ọkọ̀ ogun Maine gbiná ní etíkun Havana, àwọn atukọ̀ tó ju 250 lọ kú, Amẹ́ríkà wọ ogun. Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ilé aṣòfin wọn fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò ní in lọ́kàn láti jọba lórí Kúbà, pé tí nǹkan bá ti rọlẹ̀, àwọn ará ìlú ló nìlú. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ogun tí àwọn ará Kúbà ti ń jà bọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún wá parí láàárín oṣù díẹ̀, torí ọwọ́ tuntun dé sí i, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé Amẹ́ríkà ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Nígbà tí Santiago de Cuba túúbá nínú oṣù keje, ọ̀gágun Shafter ti Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí Calixto García àtàwọn ọmọ ogun Kúbà wọ̀lú. Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ gbẹ̀san lára àwọn ará Sípéènì. García kọ lẹ́tà sí i, ó ní òótọ́ ni pé òtòṣì ni wá, aṣọ wa sì ti fàya, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn baba yín rí nígbà tí wọ́n ń jà fómìnira tiwọn. Lẹ́tà yẹn dùn mí láti kà. Nínú oṣù kejìlá, Sípéènì àti Amẹ́ríkà jókòó ní Paris, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, wọ́n ṣètò Kúbà, ẹnì kan ò tilẹ̀ pe ọmọ Kúbà síbẹ̀. Ọjọ́ kìíní ọdún 1899, wọ́n sọ àsíá Sípéènì kalẹ̀ ní Havana, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé sókè. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ abẹ ti dé orí Kúbà kó tó jí.

Mi ò ní kí n má sọ tibi tó dáa. Àwọn ṣọ́jà yẹn túnlùú ṣe, wọ́n gbógun ti ibà pọ́njú tó ń pa àwọn èèyàn bí ẹni ń pa eéṣú, ibà náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Havana. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé dókítà ọmọ Kúbà kan, Carlos Finlay, ti sọ lọ́dún 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé àìsàn náà kiri, wọn ò dá a lóhùn. Ìgbà tí Walter Reed àtàwọn èèyàn ẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1900 layé tó gbà, orúkọ Reed ni wọ́n sì fi ń pe ilé ìwòsàn ńlá ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

## Júùnù 1901

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa.

Aṣojú 31 ni àwọn ará Kúbà yàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní Havana nínú oṣù kọkànlá 1900 láti kọ òfin ìpìlẹ̀ ìlú wọn. Wọ́n kọ ọ́ tán nínú oṣù kejì 1901. Ó yẹ káwọn ṣọ́jà máa palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Washington wá ní rárá, nǹkan kan ṣì kù, ẹ gbọ́dọ̀ fi àwọn ọ̀rọ̀ kan kún un, tẹ́ ò bá fi kún un a ò lọ. Elihu Root tó jẹ́ mínísítà ogun ló ro ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, Orville Platt, sẹ́nátọ̀ láti Connecticut, ló jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pè é. Bí wọ́n sì ṣe gbé e gba ilé aṣòfin kọjá gan-an yà mí lẹ́nu. Wọ́n so ó mọ́ òfin ìnáwó àwọn ọmọ ogun ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: òfin tó máa pinnu bí orílẹ̀-èdè kan ṣe máa wà láyé, ìdí òfin owó oṣù ṣọ́jà orílẹ̀-èdè míì ni wọ́n so ó mọ́, Ààrẹ McKinley sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 2 oṣù kẹta 1901, tòun ti ìyókù.

Kí ló wà nínú ẹ̀? Kúbà ò gbọ́dọ̀ bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àdéhùn tó lè ba òmìnira ẹ̀ jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè tó ju agbára ẹ̀ lọ. Isle of Pines, erékùṣù tó wà lẹ́bàá ẹ̀, ká ṣì yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀ Kúbà ná. Kó ta ilẹ̀ tàbí kó yá Amẹ́ríkà nílẹ̀ tó máa fi ṣe ibùdó ọkọ̀ ojú omi (Guantánamo nìyẹn). Èyí tó wúwo jù wá ni pé Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀lú nígbàkigbà láti dáàbò bo òmìnira Kúbà àti ìjọba tó lè pa ẹ̀mí àti dúkìá mọ́. Ta ló sì máa sọ ìgbà tí òmìnira Kúbà wà nínú ewu? Amẹ́ríkà náà ni.

Láàárín àwọn aṣojú yẹn, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Juan Gualberto Gómez. Oko ìrèké ni wọ́n bí i sí, ẹrú ni bàbá àti ìyá ẹ̀, wọ́n sì ti fi owó tí wọ́n tu jọ ra òmìnira ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú oyún. Òun náà ni Martí fọkàn tán ní Havana nígbà tí ogun 1895 fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Platt dé iwájú wọn, ó kọ èsì gígùn kan. Ó ní ká jẹ́ kí Amẹ́ríkà máa pinnu ìgbà tí òmìnira wa wà nínú ewu, bákan náà ló rí pẹ̀lú ká kó kọ́kọ́rọ́ ilé wa fún wọn, kí wọ́n lè wọlé nígbà tó bá wù wọ́n, lọ́sàn-án tàbí lóru, yálà rere ni wọ́n fẹ́ ṣe o, ibi ni o.

Mo máa ń ronú nípa ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ju ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n fi owó ra òmìnira fún, tó mọ iye tí wọ́n ń ta òmìnira, kò lè ka ìwé tó ní "òmìnira, ṣùgbọ́n..." kó má rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé amòfin tó wà níbẹ̀ ṣì ń yẹ kọ́mà àti ìtumọ̀ wò nígbà tóun ti dé ìdí ẹ̀.

Wọ́n rán àwọn kan lọ sí Washington nínú oṣù kẹrin. Root gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ̀tọ́ láti wọ̀lú kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti máa tojú bọ ọ̀rọ̀ ìjọba wọn o, àfi tí nǹkan bá bàjẹ́ kọjá ààlà. Wọ́n padà sílé. Lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún, wọ́n dìbò, 15 sí 14, wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n fi àlàyé tí Root ṣe fún wọn kún un, pé báyìí ló ṣe yé wa o. Ṣé ẹ rí i pé ọgbọ́n àgbà nìyẹn? Ohun tó o fẹnu ara ẹ sọ ni mo kọ sílẹ̀. Washington ní rárá o. Bó ṣe wà lẹ́ ṣe máa gbà á, ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Ohun tí wọ́n fi ẹnu ṣèlérí, wọn ò fẹ́ kó dé inú ìwé.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà, wọ́n tún dìbò. 16 ní bẹ́ẹ̀ ni, 11 ní rárá, àwọn yòókù ò dìbò.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ti fẹ́ máa pe àwọn 16 yẹn lọ́dàlẹ̀. Àmọ́ Manuel Sanguily wà nínú wọn, ọkùnrin tó ti jagun Sípéènì, tí kò sì fẹ́ràn Amẹ́ríkà rárá. Èrò tiẹ̀ ni pé òmìnira tó lábùkù sàn ju kí ṣọ́jà máa ṣàkóso wa lọ, pé ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ná. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni. Tó o bá kọ̀, ìbọn ò kúrò nílùú. Tó o bá gbà, ìbọn á kúrò, àmọ́ á ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ibi tí ìdìbò ti rí báyìí, ohun tí wọ́n ń dìbò lé lórí kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, bí ìyà náà ṣe máa rí ni. Mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Kúbà àti Amẹ́ríkà ti wọ́, kì í ṣe nítorí pé Amẹ́ríkà gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, àwọn alágbára ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ aláìlágbára kí wọ́n tó dá ilé ìwé sílẹ̀. Ó wọ́ torí pé wọ́n fi dandan mú wọn sọ pé àwọn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ ara wọn.

Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Leonard Wood, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó jẹ́ gómìnà Kúbà nígbà yẹn, kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Theodore Roosevelt nínú oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ó ní ká sòótọ́, pẹ̀lú Platt yìí, òmìnira tó kù fún Kúbà kò tó nǹkan, tàbí kó má sí rárá. Ẹni tó mú un dá wọn lójú pé kí wọ́n gbà á ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn.

## Ògiri tó lanu

Amẹ́ríkà lo kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn ṣọ́jà padà dé lọ́dún 1906, wọn ò sì lọ títí di 1909. Wọ́n tún dé lọ́dún 1912, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn gbéra, tí púpọ̀ nínú wọn ti jà lógun òmìnira, tí ìjọba Kúbà fúnra ẹ̀ sì pa wọ́n bí ẹni pẹran, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ń ṣọ́ oko ìrèké àti ibi ìwakùsà àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́, lọ́dún 1906, Ààrẹ Kúbà àkọ́kọ́, Tomás Estrada Palma, ló pè wọ́n. Ìbò ló dá wàhálà sílẹ̀, kò fẹ́ gbé ipò sílẹ̀ fún àwọn alátakò, ó wá kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ àfi Amẹ́ríkà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ba àwọn òṣèlú Kúbà jẹ́ ju bó ṣe bà wọ́n lẹ́rù lọ. Ẹni tí ìbò gbé ṣubú á kàn dá rògbòdìyàn sílẹ̀, kí wọ́n lè wá ṣèdájọ́. Ẹni tó wọlé náà á máa wojú aṣojú Amẹ́ríkà ní Havana ju ojú àwọn tó dìbò fún un lọ. Wọ́n fagi lé Platt lọ́dún 1934, ó kù Guantánamo, àmọ́ ìwà yẹn ò tètè kúrò lára, Batista, olórí tí Castro lé kúrò, sì gbádùn ẹ̀ dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí Castro sọ ní Santiago nígbà tí ọdún 1959 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fi yé mi. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa Rọ́ṣíà. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí kò ní rí bíi tìgbà yẹn, táwọn ará Amẹ́ríkà dé nígbà tó ti fẹ́ parí, tí wọ́n sọ ara wọn di onílùú, tí wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí Calixto García tó ti jà fún ọdún 30 wọ̀lú. Ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ García, ẹni tó ń sọ ọ́ sọ ọ́ bíi pé àná ni. Ní Washington, mo rò pé ẹni tó máa mọ ẹni tó ń jẹ́ Calixto García ò ní pọ̀.

## Wọ́n tún fárí náà, lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀

Ohun tó tẹ̀ lé e ẹ mọ̀ ọ́n. Kúbà gba ilẹ̀ àti iléeṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà dín ṣúgà tó ń rà lọ́wọ́ wọn kù, Rọ́ṣíà ní òun á rà á, wọ́n já àjọṣe nínú oṣù kìíní 1961, Amẹ́ríkà kó àwọn tó sá kúrò nílùú lọ jagun ní Bay of Pigs, etíkun kan ní Kúbà, lóṣù kẹrin, ó fọ́ mọ́ wọn lójú. Ọ̀gá kan níléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, Lester Mallory, ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú oṣù kẹrin 1960 pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ló fẹ́ràn Castro, ọ̀nà tó kù ni ká dí owó àti ọjà mọ́ wọn lọ́nà kí ebi lè pa wọ́n, kí wọ́n lè fúnra wọn lé ìjọba wọn. Nínú oṣù kejì 1962, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà ti ojú òwò pẹ̀lú Kúbà pa pátápátá. (Akọ̀wé ìròyìn ẹ̀, Pierre Salinger, sọ lẹ́yìn náà pé ó kọ́kọ́ ní kóun lọ wá sìgá Kúbà 1,000 fóun, òun sì rí 1,200, lẹ́yìn ìyẹn ló tó buwọ́ lù ú. Ẹ ò rí i pé ayé ń ṣèfẹ̀.)

Àmọ́ ohun tó jọ 1898 jù lọ ni bí ọ̀rọ̀ mísáìlì ṣe parí nínú oṣù kẹwàá 1962. Orí ilẹ̀ Kúbà ni mísáìlì tí Rọ́ṣíà kó lọ wà. Tí bọ́ǹbù bá bú, orí àwọn ará Kúbà ni yóò kọ́kọ́ bú lé. Kennedy àti Khrushchev, olórí Rọ́ṣíà, ń kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n ṣàdéhùn, mísáìlì á kúrò ní Kúbà, Amẹ́ríkà ò ní kógun wọ̀ ọ́, Amẹ́ríkà á tún rọra kó tiẹ̀ kúrò ní Tọ́kì láìpariwo. Lọ́jọ́ 28, Khrushchev kéde ẹ̀ lórí rédíò. Inú ìròyìn ni Castro ti gbọ́ bíi ti gbogbo ayé. Ó bínú débi tí Khrushchev fi ní láti rán Mikoyan, igbákejì ẹ̀, lọ bẹ̀ ẹ́ ní Havana, ìyàwó Mikoyan kú sílé nígbà tó wà lọ́hùn-ún, kò padà lọ sin ín, ó dúró ń bẹ̀ ẹ́. Castro ti to ohun márùn-ún tó ń béèrè sílẹ̀, Guantánamo wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ká wò ó dáadáa. Torí kí ẹnikẹ́ni má baà tún fá orí wọn lẹ́yìn wọn ni wọ́n ṣe sá lọ bá Rọ́ṣíà. Rọ́ṣíà náà mú abẹ. Alágbára tó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti alágbára tó jẹ́ ọ̀tá, tí wọ́n bá ti jókòó sídìí tábìlì kan náà, aláìlágbára ò ní àga níbẹ̀.

Ohun tó wá kù fún àwọn méjèèjì ni ìjà pẹẹpẹ̀pẹ́. Nínú oṣù kejì 1964, Amẹ́ríkà mú àwọn apẹja Kúbà nítòsí Florida, Castro bá ti omi ẹ̀rọ tó ń lọ sí Guantánamo pa. Ó tún sọ pé wọ́n ń jí omi òun fà. Ọ̀gágun Bulkeley tó ń ṣàkóso ibùdó náà pe àwọn oníròyìn, ó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n gé páìpù náà já, kí gbogbo ayé lè rí i pé omi kankan ò gbabẹ̀ kọjá. Wọ́n wá ra ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Ìgbà tí àwọn àgbàlagbà bá ń bá ara wọn já páìpù, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ọgbọ́n nìyẹn.

## Havana náà ń mú abẹ

Ẹni tó bá ka dé ibí á rò pé ẹ̀yìn Castro ni mo wà. Mi ò sí níbẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun Kúbà ṣe ní Àǹgólà, bí wọ́n ṣe bá ọmọ ogun ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa jà níbẹ̀, mo mọ̀ pé Mandela ò gbàgbé ẹ̀, lọ́dún 1991 ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀, àwọn Lùkùmí tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ní Regla tó dojú kọ Havana, Yemọja ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé Màríà. Ìyẹn ò sọ pé kí n dijú.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ òfin. Lọ́dún 2003 wọ́n kó èèyàn 75 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníròyìn àtàwọn alátakò, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2021, àwọn èèyàn tú sígboro nílùú púpọ̀, wọ́n ní kò síná, kò sóògùn, kò sóúnjẹ, wọ́n ń kígbe òmìnira, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló wà lẹ́wọ̀n lẹ́yìn ìyẹn. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ìjọba á ní Amẹ́ríkà ló dí àwọn lọ́nà. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ṣé Amẹ́ríkà náà ló ní kí àgbẹ̀ má lè ta irè oko ẹ̀ fẹ́ni tó wù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ọ̀tá tó wà lódìkejì omi, bí máìlì 90 péré sí ẹnu ọ̀nà wọn, ti ṣe ìjọba Havana láǹfààní ju bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà lọ.

Àwọn tó sá lọ sí Miami náà ńkọ́? Àwọn tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, àwọn ọmọdé tó lé ní 14,000 tí òbí wọn dá gbé sínú báálù láàárín 1960 sí 1962 torí ẹ̀rù, àwọn tó gun pákó gba orí òkun lọ lọ́dún 1994. Tí ẹ bá ní kí wọ́n gbàgbé, ẹ kọ́kọ́ ní kí Havana gbàgbé Calixto García.

## Ọjọ́ mẹ́fà

Lọ́jọ́ 17 oṣù kejìlá 2014, Obama àti Raúl Castro, àbúrò Fidel tó ti di ààrẹ Kúbà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lásìkò kan náà, wọ́n ní àwọn máa padà bára wọn ṣe. Wọ́n ti ń pàdé ní kọ̀rọ̀ fún oṣù tó pọ̀, Póòpù Francis àti Kánádà bá wọn dá sí i. Lọ́dún 2015, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà mẹ́ta tó sọ àsíá kalẹ̀ lẹ́ḿbásì Havana ní 1961 padà débẹ̀, wọ́n ti darúgbó, wọ́n dúró wo bí wọ́n ṣe gbé e sókè. Èyí wú mi lórí, mi ò ní purọ́. Nínú oṣù kẹta 2016, Obama lọ síbẹ̀, ààrẹ Amẹ́ríkà tó débẹ̀ ṣáájú ẹ̀ lórí oyè ni Coolidge lọ́dún 1928, ọkọ̀ ogun ni Coolidge sì wọ̀ lọ. Inú Fidel ò dùn, ó kọ ọ́ síwèé ìròyìn pé a ò fẹ́ kí ìjọba ńlá náà fún wa ní nǹkan kan. Raúl ní kí wọ́n dá Guantánamo padà, Amẹ́ríkà ò dá a padà.

Lọ́dún 2017, Trump bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tí ààrẹ kan fi bírò ṣe, òmíràn á fi bírò pa á rẹ́. Lọ́jọ́ 14 oṣù kìíní 2025, Biden ní òun máa yọ orúkọ Kúbà kúrò nínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ti apániláyà lẹ́yìn. Lọ́jọ́ 20, Trump dá a padà. Ọjọ́ mẹ́fà péré. Kí ni Kúbà ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn? Kò ṣe nǹkan kan. Ìbò Amẹ́ríkà ni, Florida ni, ọ̀rọ̀ àárín ara wọn ni, orí Kúbà kàn wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ìdí tí bírò ò fi lè tán an wà nínú òfin 1996 tí wọ́n ń pè ní Helms-Burton. Kúbà já báálù kékeré méjì tó jẹ́ tàwọn ará Miami lulẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún yẹn, èèyàn mẹ́rin kú, Clinton buwọ́ lu òfin náà nínú oṣù kẹta. Látìgbà yẹn, ilé aṣòfin nìkan ló lè tú ìdènà òwò náà palẹ̀. Lọ́dún 2016, nígbà tí àjọ UN tún dìbò pé kí wọ́n fòpin sí i, Amẹ́ríkà gan-an ò dìbò ta ko ìpinnu náà, orílẹ̀-èdè 191 fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò kọ̀, òfin náà ò mira.

Mo lọ ka òfin yẹn fúnra mi, ó gùn, ó súni. Níbi tó ti ń sọ irú ìjọba tí Kúbà gbọ́dọ̀ ní kí Amẹ́ríkà tó lè dá a lóhùn, ó ní kó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, kó ṣètò ìbò, kó fún àwọn èèyàn láyè láti sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà fẹ́ ẹ fún wọn. Ó wá dárúkọ èèyàn méjì, Fidel Castro àti Raúl Castro, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìjọba náà. Mo dúró níbẹ̀, mo tún un kà. Ebòlò kì í ṣe aláìrùn ìgbẹ́, ẹ̀ báà sè é lẹ́ẹ̀mẹta. Fidel kú lọ́dún 2016, Raúl gbé ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2021, orúkọ wọn ṣì wà nínú òfin Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Kúbà ni kò sì fẹ́ rí ìdílé yẹn mọ́ lágbo ìjọba láyé, nílé àti lẹ́yìn odi, wọ́n ti fara gbọgbẹ́ torí ẹ̀. Àwọn yẹn gan-an lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé Washington ni wọ́n ti lọ kọ ọ́.